Ká tó lọ Kútọnu, ojú ọ̀run Kútọnu ni ká kọ́kọ́ wò

  Ọ̀rọ̀ ọjà àti ọ̀rọ̀ ìlera ni a máa ń sọ níbí. Ti òní pa méjèèjì pọ̀: ìrìn àjò sí Kútọnu, àti ìgbà tó yẹ ká rìn ín.

Èrò tèmi nìyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síwájú kí ẹnikẹ́ni má bàa máa wá a kiri: ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi òjò ilé wọn òjò Kútọnu. A ó wo oko wa, a ó wo ojú ọ̀run tó wà lókè orí wa, a ó sì dá ọjọ́ ìrìn àjò. Ṣùgbọ́n Kútọnu kì í ṣe Tchaourou. Ọjọ́ tí a bá dá láì béèrè bí ojú ọjọ́ ṣe rí níbẹ̀ máa ń gba owó lọ́wọ́ wa, nígbà mìíràn ó máa ń gba ìlera mọ́ ọn. Ìyá tó kó iṣu lọ, tí iṣu jẹrà mọ́ ọn lọ́wọ́, kì í ṣe ayé ló ṣe é. Baba tó lọ fi ẹsẹ̀ han dókítà, tó padà dé pẹ̀lú ibà, kì í ṣe orí burúkú. Ẹ kọ́kọ́ wo oṣù tí wọ́n yàn ná.

Òjò tiwa jẹ́ ọ̀kan, tiwọn jẹ́ méjì

Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, ọdún pín sí méjì péré. Òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, á máa le sí i títí dé oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án, á wá máa dín kù nínú oṣù kẹwàá. Láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹta, ẹ̀ẹ̀rùn ni, ọyẹ́ sì wà láàrin rẹ̀. Ọmọ tó ń da ẹran pàápàá mọ ìyẹn.

Ní Kútọnu, ọdún pín sí mẹ́rin. Òjò ńlá máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, ó máa ń le jù ní oṣù kẹfà, á sì máa lọ sílẹ̀ nínú oṣù keje. Lẹ́yìn náà ni òjò á sinmi díẹ̀, láti ìparí oṣù keje títí dé nǹkan bí àárín oṣù kẹsàn-án. Òjò kékeré á tún dé, á rọ̀ títí ìparí oṣù kẹwàá, ó lè fọwọ́ kan oṣù kọkànlá. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀ẹ̀rùn ńlá, tó ń lọ títí dé oṣù kẹta.

Kí ló fà á? Ẹ jẹ́ ká fi òjò wé àwọn oníṣòwò tó ń bọ̀ láti etí òkun, tí wọ́n ń lọ sí apá òkè. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n gba Kútọnu kọjá, ìyẹn ni òjò ńlá ti Kútọnu. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n sùn síbẹ̀ ní oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án, ìyẹn ni òjò wa tó le jù. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, wọ́n tún gba Kútọnu kọjá, ìyẹn ni òjò kékeré tiwọn. Kútọnu ń rí wọn lẹ́ẹ̀mejì, lálọ àti lábọ̀. Àwa ń rí wọn lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ohun kan tún wà: ní nǹkan bí oṣù kẹjọ, omi òkun tó wà létí Kútọnu máa ń tutù ju ti ìgbà yòókù lọ, èyí náà sì ń dín òjò kù létí òkun.

Nítorí náà, ẹ ò rí i pé ohun tí ojú ọ̀run wa ń sọ fún wa lè jẹ́ òdì kejì ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Kútọnu? Ní oṣù kẹjọ tí ẹrẹ̀ ti gba gbogbo ọ̀nà oko wa, Kútọnu lè gbẹ, kí atẹ́gùn tútù máa fẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà tí òjò ń rọ̀ fún wa níwọ̀n, tí àgbàdo ń dàgbà, tí a ń sọ pé "ayé tura", Kútọnu ti lè wà nínú omi.

Oṣù kẹfà, oṣù tí owó kájú ń gbé wa lọ

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí jù nìyí. Ẹ bá mi rò ó. Ìgbà wo ni owó máa ń wọlé fún wa? Láti oṣù kejì títí dé oṣù karùn-ún ni a ń ṣa kájú tí a sì ń tà á. Nígbà tí a bá ti san gbèsè tán, tí a ti ra irúgbìn, tí a ti fún àwọn ọmọ lówó, oṣù karùn-ún ti ń parí. Ìgbà náà ni baba á sọ pé: "Ó dáa, mo lè lọ Kútọnu báyìí, kí n lọ tọ́jú ojú mi." Ìgbà náà ni ìyá á sọ pé òun fẹ́ lọ wo ọmọ òun tó bímọ ní Godomey. Owó wà lọ́wọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oṣù kẹfà tí wọ́n ń wọkọ̀ lọ yẹn ni oṣù tí òjò pọ̀ jù ní Kútọnu nínú gbogbo ọdún.

Òjò tó ń rọ̀ ní Kútọnu nínú oṣù kẹfà nìkan sábà máa ń lé ní mìlímítà 300. Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí? Ẹ mú igi ìfàlà àwọn ọmọ ilé-ìwé, èyí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30. Ẹ gbé e dúró sórí ilẹ̀. Bí omi òjò oṣù kan náà kò bá ṣàn lọ, tí ilẹ̀ kò sì fà á mu, ibi tí igi yẹn ga dé ni omi yóò dé ní gbogbo ìlú. Ibo ni omi yóò sì ṣàn lọ ní Kútọnu? Ìyanrìn ni ìlú náà jókòó lé, òkun wà níwájú rẹ̀, adágún Nokoué wà lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ kò ga. Ọ̀nà omi tó gba àárín ìlú kọjá, tó so adágún pọ̀ mọ́ òkun, àwọn Faransé ló gbẹ́ ẹ ní ọdún 1885. Ní àwọn ọdún tó kọjá yìí, ìjọba ti gbẹ́ gọ́tà ńláńlá, wọ́n sì ti ṣe ọ̀pọ̀ òpópónà, àdúgbò kan ti yàtọ̀ sí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. A dúpẹ́ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀, ìsàlẹ̀ náà ló wà, àwọn àdúgbò tó ṣì ń kún kò tíì tán.

Ẹ wo bí ọjọ́ kan ṣe máa ń rí nígbà náà fún àlejò. Ọkọ̀ á dúró, òjò ń rọ̀, zemidjan á sọ owó rẹ̀ di púpọ̀ tàbí kó kọ̀ láti wọ àdúgbò. A ó ká aṣọ sókè, a ó wọ omi tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Omi yẹn ti gba inú ṣáláńgá kọjá, ó sì ti gba orí ààtàn kọjá. Ẹni tó ní egbò lẹ́sẹ̀ ń kó àrùn wọlé. Ẹni tó mu omi kànga níbẹ̀ lè gba ìgbẹ́ gbuuru, kódà ó lè jẹ́ kọ́lẹ́rà. Ẹ̀fọn á pọ̀ lálẹ́. Èèyàn lọ tọ́jú ojú, ó wá kó ibà bọ̀.

Àwọn tó ń ta àgbò náà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an. Ọdún Iléyá kì í dúró sójú kan, ó máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 sún síwájú lọ́dọọdún. Ní ọdún 2025, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ló bọ́ sí, ní àárín òjò ńlá Kútọnu gan-an. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọdún ń bọ̀ nínú òjò, ó yẹ kó ti wá ibi tó ní òrùlé tí àgbò á dúró sí níbẹ̀ kó tó kó wọn kúrò nílé. Àgbò tó sùn nínú òjò fún òru mẹ́ta á máa wúkọ́, oníbàárà kò sì ní ra àgbò tó ń wúkọ́. Títí ọdún náà á fi kúrò nínú òjò, ó ṣì ku ọdún díẹ̀. Ní nǹkan bí 2032 ni yóò tó wọ oṣù kẹta.

Oṣù kẹjọ: Kútọnu gbẹ, ọ̀nà oko wa ni kò gbẹ

Oṣù kẹjọ ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó ní ọjà. Ìgbà náà ni iṣu tuntun ń jáde, Savalou ń ṣe ọdún iṣu ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, àwọn ará Kútọnu náà sì ń retí iṣu. Òjò wọn ti sinmi, oòrùn kò gbóná jù, èèyàn lè dúró ti ọjà rẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

Àmọ́ ṣé ẹ rí i, wàhálà ti oṣù kẹjọ kò sí ní Kútọnu, ọ̀dọ̀ wa níbí ló wà. Láti oko dé ojú ọ̀nà ọlọ́dà, ẹrẹ̀ ni. Mọ́tò á rì sínú ẹrẹ̀, a ó sùn síbẹ̀, iṣu á wà nínú omi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹni tó fẹ́ tajà ní Kútọnu ní oṣù kẹjọ fọ́ iṣẹ́ náà sí ọ̀nà méjì. Kí ó kó iṣu jáde láti oko díẹ̀díẹ̀ ní ọjọ́ tí ilẹ̀ bá gbẹ, kí ó tò ó sí abẹ́ òrùlé lẹ́bàá ọ̀nà ọlọ́dà, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Ìgbà tí ẹrù bá pé ni kí ó tó pe ọkọ̀ ńlá. Ọ̀nà ọlọ́dà láti ibí gba Kílíbò, Ṣábẹ̀ẹ́, Ìdáàṣà àti Bohicon lọ, ó lé ní kìlómítà 300. Iṣu tó tutù tí a fi tápólì bò pa fún gbogbo ọ̀nà yẹn, gbígbóná ló máa gbóná, yóò sì jẹrà. Iṣu tí ọkọ́ bá ṣá, ẹ má kó o lọ, ilé ni kí ẹ ti jẹ ẹ́.

Gàrí náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Atẹ́gùn Kútọnu ní omi nínú ní gbogbo ìgbà, nítorí òkun. Gàrí tó ń dún kẹ́kẹ́ lẹ́nu níbí, bó bá pẹ́ níbẹ̀ nínú àpò lásán, á rọ̀. Ẹ fi ọ̀rá sí inú àpò, kí ẹ sì má kó ju èyí tí ẹ lè tà ní kíákíá lọ, pàápàá ní oṣù òjò.

Oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá: omi tiwa ló ń dé ọ̀dọ̀ wọn

Ọ̀rọ̀ yìí lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu. Ní oṣù kẹwàá, òjò lè má pọ̀ rárá ní Kútọnu, síbẹ̀ kí omi máa wọlé àwọn èèyàn. Níbo ni omi yẹn ti wá? Ọ̀dọ̀ wa ni. Odò Ouémé tó gba Bétérou kọjá, àti odò Okpara tó ń lọ pàdé rẹ̀, àwọn ló ń kó òjò tó rọ̀ sí oko wa ní oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án lọ sí ìsàlẹ̀. Omi á rìn, á rìn, á dé adágún Nokoué, adágún á kún, á wọ Ganvié àti Sô-Ava, á sì wọ àwọn àdúgbò Kútọnu tó wà létí adágún. Ní ọdún 2010, ìkún omi dé àádọ́ta kọ́múnù ó lé díẹ̀ nínú kọ́múnù 77 tó wà ní Benin. Àwọn tó dàgbà láàrin wa kò tíì gbàgbé ọdún náà.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní ẹbí tó ń gbé létí adágún, ẹ má ṣe wo òjò nìkan. Ẹ wo odò tiwa. Bí odò Ouémé bá kún gan-an ní Bétérou, ẹ ti mọ̀ pé láìpẹ́ ọ̀rọ̀ á dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ pè wọ́n, ẹ kìlọ̀ fún wọn, kí ẹ sì sún ìrìn àjò yín síwájú. Àwa tí a wà lókè odò ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn dára, ṣùgbọ́n kò ṣàìní ewu tirẹ̀

Láti àárín oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹta, ọ̀nà gbẹ lọ́dọ̀ wa, ọ̀nà gbẹ ní Kútọnu. Fún ẹni tó ń lọ sí ilé ìwòsàn, fún arúgbó, fún aboyún tí oṣù rẹ̀ kò tíì pọ̀, ìgbà yìí ló dára jù. Bí dókítà bá sọ pé iṣẹ́ abẹ lè dúró, tí ó ní kí ẹ mú oṣù, ẹ mú oṣù kejìlá tàbí oṣù kejì. Ẹni tó ń bọ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ kò yẹ kó máa fi ẹsẹ̀ la omi kọjá.

Ẹ kàn mọ nǹkan mẹ́ta. Èkíní, ní àsìkò Kérésì àti ọdún tuntun, títí dé ọdún ìbílẹ̀ nínú oṣù kìíní, èèyàn máa ń pọ̀ nínú ọkọ̀, owó ọkọ̀ náà sì lè ga. Èkejì, oṣù kẹta gbóná. Ooru tiwa jẹ́ ooru gbígbẹ, ilẹ̀ á sì tutù díẹ̀ lóru. Ní Kútọnu, ooru náà ní omi nínú, alẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ tutù, òógùn kì í gbẹ lára. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ mú oògùn wọn dání, kí wọ́n máa mu omi dáadáa, kí wọ́n má sì dúró sínú oòrùn ọ̀sán.

Ẹ̀kẹta ló wúwo jù. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ibà Lassa máa ń jáde, a sì mọ̀ ọ́n ní kọ́múnù wa yìí: ó ṣẹlẹ̀ ní 2016, ó sì pa èèyàn. Eku ló ń gbé e, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku lórí oúnjẹ ló sì ń kó o fún wa. Nítorí náà, bí ara ẹnì kan bá gbóná lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, tó ti lo oògùn ibà tí kò lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sínú bọ́ọ̀sì elérò púpọ̀ pé ẹ ń gbé e lọ Kútọnu. Ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó ní Lassa nínú bọ́ọ̀sì lè kó o ran ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, ọ̀nà jíjìn náà á sì jẹ àkókò tí oògùn ì bá fi gbà á là.

"Ọjọ́ kì í ṣe tiwa láti yàn"

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa sọ bẹ́ẹ̀ báyìí nínú ẹgbẹ́. Òkú kì í dúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Ọmọ kì í dúró kí òjò dá kí wọ́n tó bí i. Ilé-ìwé máa ń wọlé ní oṣù kẹsàn-án, bóyá òjò ń rọ̀ tàbí kò rọ̀. Òótọ́ ni. Mi ò jiyàn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka ìrìn àjò wa ti ọdún tó kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Mélòó nínú wọn ni òkú? Mélòó ni àìsàn òjijì? Èyí tó kù, ọjọ́ rẹ̀ ha wà lọ́wọ́ wa bí? Ó wà. A kàn jẹ́ kí owó yan ọjọ́ náà fún wa ni. Owó dé, a gbéra. Owó tó dé ní oṣù kẹta lè gbé wa lọ ní oṣù kẹta náà, kí òjò tó le, bí a bá ya ti ìrìn àjò sọ́tọ̀ kí a tó pín èyí tó kù. Bí a ò bá sì lè lọ nígbà náà, owó lè dúró de oṣù kẹjọ. Owó kì í jẹrà bí iṣu.

Àwọn mìíràn á sọ pé òjò òde òní kò ní ìlànà mọ́, pé kí ni èèyàn á fi kàlẹ́ńdà ṣe. Ìyẹn náà ní òótọ́ nínú. Òjò lè tètè dé, ó lè pẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ti dá wọn lóhùn: bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Kàlẹ́ńdà ni ká fi yan oṣù. Láti yan ọjọ́, ká gbọ́ ohun tí àwọn Météo-Bénin ń sọ lórí rédíò, ká sì tún pe ẹni tó wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀ wò: ṣé dandan ni Kútọnu? Ilé ìwòsàn Saint-Martin wà ní Papanè, nínú kọ́múnù tiwa. Ilé ìwòsàn ńlá ti Borgou wà ní Parakou, tó súnmọ́ wa ju Kútọnu lọ lọ́nà tó pọ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń sáré gbé lọ Kútọnu nínú òjò, ibẹ̀ ló yẹ ká ti kọ́kọ́ fi hàn wọ́n. Bí wọ́n bá ní kí a lọ Kútọnu, wọn á fún wa ní ìwé, a ó sì bi wọ́n léèrè pé: "Ṣé ó lè dúró dé oṣù kẹjọ? Ṣé ó lè dúró dé oṣù kejìlá?" Bí dókítà bá sọ pé rárá, ká gbéra lọ́jọ́ náà, òjò ò bá máa rọ̀. Bí ó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ká dúró.

Ta ló yẹ kó dá ọjọ́?

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, baba ilé ló ń sọ ọjọ́ ìrìn àjò, ó sì ń wo iṣẹ́ oko láti sọ ọ́. Ìyàwó tó ń kó ẹrù, tó ń pọn ọmọ, tó máa sùn sí ọjà, kì í sábà sí níbi tí wọ́n ti ń dá ọjọ́ náà. Èrò tèmi ni pé ẹni tí òjò máa pa ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa.

Mo sì gbà pé ẹgbẹ́ olùgbọ́ lè ṣe é dáadáa ju ilé kọ̀ọ̀kan lọ. Ẹ mú pépà kan, ẹ kọ oṣù méjìlá sí i. Ẹ fi àmì kan sí oṣù tí òjò le ní Kútọnu, àmì mìíràn sí oṣù tí ọ̀nà oko wa bàjẹ́, àmì kẹta sí oṣù tí adágún ń kún. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí ẹ ti ń pàdé. Kí ẹni tó bá fẹ́ lọ Kútọnu sọ ọ́ nípàdé. Ẹni mẹ́ta tó ń lọ lọ́sẹ̀ kan náà lè jọ gba ọkọ̀ kan, wọ́n lè jọ ṣọ́ ẹrù, ẹnì kan nínú wọn sì lè mọ ọ̀nà.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ fi fóònù bi ẹni tó wà níbẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé omi wà ní ojú ọ̀nà tó wọ ilé yín? Ṣé òjò rọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta yìí? Ibo ni mo lè kó ẹrù sí tí òjò ò ní pa á? Ẹ má béèrè pé "Ṣé àlàáfíà ni?" nìkan, torí wọn á sọ pé àlàáfíà ni, omi ìbá dé orúnkún wọn.

Ohun tó yẹ kó wà nínú àpò ní oṣùkóṣù nìyí: àwọ̀n ẹ̀fọn, kánẹ́ẹ̀tì ìlera, oògùn tí ẹ ń lò tó máa pé ọjọ́ tí ẹ ó lò níbẹ̀ àti ọjọ́ mẹ́ta lé e, àti àpò SRO méjì tàbí mẹ́ta fún ìgbẹ́ gbuuru. Ní oṣù òjò, ẹ fi bàtà rọ́bà kún un, àti ọ̀rá tí ẹ ó fi wé ìwé yín àti owó yín. Kí ẹni tó ní àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tó ń fa ìrora egungun mú aṣọ gbígbẹ sí i, torí òjò àti òtútù lè gbé ìrora náà dìde. Ẹ wọkọ̀ láàárọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ yín lọ́nà. Òjò àti òkùnkùn lórí ọ̀nà ọlọ́dà ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Bí ara yín bá sì gbóná láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ padà dé, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé Kútọnu ni ẹ ti ń bọ̀.

Fún ìjíròrò ẹgbẹ́ yín: Nínú ìrìn àjò tí ẹ rìn lọ Kútọnu ní ọdún tó kọjá, èwo ni ẹ lè sún sí oṣù mìíràn? Ta ló dá ọjọ́ rẹ̀? Owó ìrìn àjò ti ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́, inú ọjà wo ni ẹ ó ti yà á sọ́tọ̀, kájú ni tàbí iṣu? Ẹ jíròrò rẹ̀, kí akọ̀wé yín kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, a ó kà á lórí afẹ́fẹ́.

Ẹ̀yin tó ń lọ, ọ̀nà á dára o. Ẹ̀yin tó ń bọ̀, ẹ kú àbọ̀. Ó dìgbà kan ná.